Gbòǹgbò Píónì Tí Kò Lójú

Ìbéèrè kan wọlé sí mi lórí píónì (peony), ewéko olódòdó ńlá kan, mo gé e kúrú díẹ̀ kí n tó gbé e síbí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ìyá ọkọ mi ní píónì kan tó ti wà nínú ọgbà wọn kí wọ́n tó bí ọkọ mi. Òdòdó rẹ̀ funfun báláú, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó sì ń ta sánsán. Nígbà ìwọ́wé tó kọjá, Màmá ní kí n wá mú nínú rẹ̀. Mo wa ẹ̀gbẹ́ kan, mo fa gbòǹgbò mẹ́ta tó nípọn jáde, mo gé wọn sí mọ́kànlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka ọwọ́, mo sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Títí ìgbà ìrúwé fi kọjá, ẹyọ kan kò yọjú. Mo hú méjì wò: wọn ò jẹrà, wọ́n ṣì le gbagidi. Aládùúgbò mi sì ní òun ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sí tòun, ó sì hù. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ṣé kí n ṣì máa dúró, àbí mo ti ba nǹkan Màmá jẹ́ lásán?”

Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ò ba nǹkan Màmá jẹ́. Píónì tó ti lo irú ọdún bẹ́ẹ̀ lójú kan, bí wọ́n bá yọ gbòǹgbò mẹ́ta lára rẹ̀, bí ẹni gé èékánná ni. Kò tilẹ̀ ní fura. Àwọn mọ́kànlá tí ẹ rì mọ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lọ́rùn wọn, ibi tó sì rú yín lójú jù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀: pé wọn ò hù, wọn ò sì kú. Ká ní wọ́n ti jẹrà ni, ẹ ò bá ti mọ̀ pé iṣẹ́ ti bàjẹ́, ẹ ò bá sì ti gbé ọkàn kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe le gbagidi yẹn ló ń tàn yín.

Bí ẹ bá hú odidi ìdí píónì kan, tí ẹ fi omi fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, ẹ ó rí nǹkan mẹ́ta. Nísàlẹ̀ ni gbòǹgbò ràbàtà-ràbàtà wà, òmíràn nípọn ju àtàǹpàkò lọ, gbogbo wọn sì ń tín-ín-rín bí wọ́n ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Lókè ni kùkùté àwọn ọ̀pá ọdún tó kọjá wà. Láàárín méjèèjì ni nǹkan kan wà tó rí gbágungbàgun, tó le bí igi, tí kò jọ gbòǹgbò, tí kò sì jọ ọ̀pá. Èyí ni mo máa ń pè ní ọrùn. Ara ọrùn yìí ni ojú wà: ṣónṣó kékeré tó pupa tàbí tó funfun, tó ń yọ bọ̀ bí eyín ọmọ ọwọ́ nínú èrìgì. Ojú kọ̀ọ̀kan ni yóò di ọ̀pá, tí yóò yọ ewé, tí yóò sì tanná lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ìgbà ooru tó parí ló ti ń ṣètò rẹ̀, nígbà tí àwa ṣì ń wo ewé tó wà lórí ilẹ̀. Gbòǹgbò ní tirẹ̀, àká ni. Gbogbo oúnjẹ tí ewé bá fi oòrùn sè, inú rẹ̀ ló ń kó o sí, kí ojú lè rí nǹkan jẹ nígbà tó bá jí. Ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ gbé àká lọ, ẹ fi àgbẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá.

Ìdí tí wọn ò fi jẹrà náà nìyẹn. Àká kún, kò sẹ́ni tó ń jẹ nínú rẹ̀. Ojú ibi tí ẹ fi ọ̀bẹ gé á gbẹ, á di èépá, gbòǹgbò náà á wá jókòó sínú ilẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Èmi náà ti bá a jókòó rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pín píónì, bí mo ṣe hú u tán tí mo gbé e dìde ló bọ́ lọ́wọ́ mi, ó balẹ̀ gbì, gbòǹgbò méje ló ṣẹ́. Wọ́n lẹ́wà, wọ́n sanra, mo ní n kò ní fi wọ́n ṣòfò. Mo rì wọ́n sí ìlà kan, mo ki igi kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà ìrúwé kìíní, kò sí nǹkan. Ìkejì, kò sí. Ní ìkẹta, mo hú gbogbo wọn. Mẹ́rin ti jẹrà. Mẹ́ta tó kù le dáadáa, kódà wọ́n ti ta irun gbòǹgbò wẹ́wẹ́ funfun, bí ẹni pé wọ́n ń múra àtilọ síbì kan. Mo ń yí wọn po, mo ń fi ìka tọ́ orí wọn, mo ń wá ṣónṣó pupa kan ṣoṣo. Òfo ni mo bá. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti ka líle gbòǹgbò sí ẹ̀rí pé ó fẹ́ hù.

Ti aládùúgbò yín wá ń kọ́? N kò rò pé irọ́ ló pa. Orúkọ kan ṣoṣo là ń pè é, ṣùgbọ́n píónì kì í ṣe ewéko kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbà ni Paeonia lactiflora, tí ìran rẹ̀ ti Ṣáínà àti Siberia wá. Òun ló sábà máa ń ta sánsán, òun ló ń ní òdòdó ńlá funfun tàbí aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tanná. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe ti Màmá yìí, òun ni mo fọkàn sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni mo gbọ́, n kò fojú rí i. Gbòǹgbò rẹ̀ tí kò bá ní ọrùn lára kì í yọ ojú tuntun. Èkejì ni Paeonia officinalis, tó ti gúúsù Yúróòpù wá. Pupa rírẹ̀dòdò rẹ̀ ni àwọn tó ti pẹ́ nídìí ọgbà mọ̀ jù, ó sì máa ń fi bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ṣáájú lactiflora tanná. Gbòǹgbò tirẹ̀ wú níhìn-ín, ó tín-ín-rín lọ́hùn-ún, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn. Eléyìí lè yọ ojú lára gbòǹgbò tó já, kódà bí ọrùn kò bá sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Paeonia tenuifolia, tí ewé rẹ̀ rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí irun, àti Paeonia peregrina, àti púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n mú jáde láàárín ìwọ̀nyí àti lactiflora.

Nígbà kan, mo ṣí officinalis pupa kan nípò, mo sì rò pé mo ti kó o tán pátápátá. Lẹ́yìn ọdún méjì, ewé píónì mẹ́ta yọ láàárín àwọn òdòdó mìíràn tí mo ti gbìn sójú ihò àtijọ́ yẹn. Mo wa wọ́n kúrò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, méjì tún yọ. Ẹ kíyè sí i pé ọdún méjì ni o. Irú tó ń yọ ojú láti ara gbòǹgbò pàápàá kì í yára. Ó sábà máa ń jókòó sínú ilẹ̀ fún odindi ọdún kan kó tó yọ ohun téèyàn lè fojú rí. Nítorí náà, bí ti aládùúgbò yín bá pupa, tó sì ń tanná ṣáájú ti Màmá, ẹ ti rí ìdáhùn. Bó bá jẹ́ pé funfun bíi ti Màmá ni, tó sì hù lọ́dún kan náà, ohun tí mo máa fura sí ni pé ó gé ọrùn mọ́ gbòǹgbò láìmọ̀. Ẹ̀rún ọrùn tí kò ju èékánná lọ lè ní ojú tó ń sùn nínú, tí èèyàn á wò títí tí kò ní rí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn pé gbòǹgbò lactiflora lásán máa ń hù, ẹ ní kó lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe píónì onígi, ìyẹn èyí tí ọ̀pá rẹ̀ kì í kú nígbà òtútù, tó ń di igi kékeré. Ní ìparí ìgbà ooru, wọ́n á gé ẹ̀ka kúkúrú kan lára rẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ìdí rẹ̀ ṣóńṣó bí èèkàn, wọ́n á la orí gbòǹgbò lactiflora kan tó nípọn tó àtàǹpàkò, wọ́n á ki ẹ̀ka náà bọ̀ ọ́, wọ́n á sì dì í pinpin. Gbòǹgbò yẹn á máa bọ́ ẹ̀ka náà títí ẹ̀ka yóò fi ta gbòǹgbò ti ara rẹ̀. Gbòǹgbò tí kò lójú rárá ni wọ́n máa ń ṣà fún iṣẹ́ yìí, torí wọ́n mọ̀ pé kò ní hù kó wá máa bá ẹ̀ka náà dupò. Ohun tó já yín kulẹ̀, òun gan-an ni àwọn ń wá.

Ohun tí ẹ máa lọ gbà lọ́wọ́ Màmá lọ́tẹ̀ yìí, ọrùn ni, pẹ̀lú gbòǹgbò lára rẹ̀. Ìgbà tí ẹ yàn kò burú: ìgbà ìwọ́wé ló dára jù, Oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá ní ìhà àríwá ayé, Oṣù Kẹta sí Ìkẹrin ní ìhà gúúsù, kó sì ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí òtútù tó mú ilẹ̀ dì. Lásìkò yẹn ojú ti jáde, ewé ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ilẹ̀ sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó fún irun gbòǹgbò tuntun láti yọ. Lẹ́yìn náà ni òtútù yóò wá ṣe tirẹ̀, ó sì ní iṣẹ́ gidi tó ń ṣe. Ojú píónì kì í jí dáadáa bí òtútù kò bá mú un tó. Àwọn tó ń gbìn ín fún títà máa ń ka wákàtí tí ilẹ̀ fi tutù ní nǹkan bí ìwọ̀n 4 tàbí 5 Celsius wálẹ̀, 500 sí 1,000 wákàtí ni wọ́n sì sábà máa ń pè é, ó wá kù sọ́wọ́ irú èyí téèyàn gbìn. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí òtútù kì í ti mú tó bẹ́ẹ̀, kò sí bó ṣe lè gé gbòǹgbò dáa tó. Ewé radarada ni yóò máa rí, bó bá tilẹ̀ rí ewé.

Téèyàn bá fẹ́ pín píónì, ó lè hú odidi rẹ̀, ó sì lè já ẹ̀gbẹ́ kan lára rẹ̀ níbi tó wà. Híhú odidi ló ń mú púpọ̀ wá, ó sì ń jẹ́ kéèyàn rí àárín ìdí àgbà, tó sábà máa ń ti gbó tàbí kó ti ní ihò. Ṣùgbọ́n píónì tí wọ́n hú lè bínú fún ọdún kan tàbí méjì kó tó tún tanná bíi ti tẹ́lẹ̀, ti yín yìí kì í sì í ṣe tiyín. Ẹ já ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìmọ̀ràn mi. Bó bá ṣe pé tèmi ni, mo lè hú u. Ti ìyá ọkọ ẹni, rárá o.

Ẹ gé àwọn ọ̀pá wálẹ̀ kó ku bíi sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ lè fi wọ́n mọ ibi tí ọrùn wà. Ẹ wá fi ọwọ́ kó ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò, ọwọ́ o, kì í ṣe ọkọ́, torí ojú wọ̀nyẹn máa ń kán bí èèyàn bá kàn ń fojú burúkú wò wọ́n. Nígbà tí ẹ bá rí wọn, ẹ wá ẹ̀gbẹ́ kan tí mẹ́ta sí márùn-ún wà pa pọ̀. Ẹ gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan, ẹ jìnnà sí ìdí rẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ sì máa gbẹ́ bọ̀ wá sábẹ́ rẹ̀ títí ẹ ó fi rí bí gbòǹgbò ṣe so mọ́ ọrùn. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti fi ọ̀bẹ tó nípọn tó sì mú la ọrùn wálẹ̀, láàárín ojú àti ojú, kí gbòǹgbò méjì tàbí mẹ́ta tó sanra lè bá a wá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí igi tútù. Ẹ má fi ipá fà á. Bí ẹ bá ti gbé e jáde, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e síbi òjìji fún wákàtí díẹ̀. Gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílẹ̀ máa ń ṣẹ́ bí ẹfun. Bó bá sinmi díẹ̀, á rọ̀, ẹ ó lè gé e bí ẹ ṣe fẹ́. Ká ní mo mọ èyí lọ́jọ́ tí tèmi bọ́ lọ́wọ́ mi, gbòǹgbò méje yẹn ì bá ṣì wà lára ọrùn wọn.

Ẹ gé àwọn gbòǹgbò náà kúrú sí sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Èyí máa ń dun àwọn èèyàn, wọ́n á ní oúnjẹ ló ń ṣòfò, ṣùgbọ́n gbòǹgbò gígùn á ká sínú ihò, á jẹrà láti ìdí, irun tuntun tí ewéko nílò kò sì ní yọ dáadáa. Inú gbòǹgbò tó dá ṣáṣá máa ń funfun. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ihò, ẹ máa gé títí ẹ ó fi dé ibi funfun, kí ẹ sì fi sípíríìtì nu ọ̀bẹ kí ẹ tó kan òmíràn. Bí irun gbòǹgbò bá ní kókó wẹ́wẹ́ kiri bí ìgbà tí wọ́n ta okùn ní kókó, aràn ilẹ̀ ló wọ̀ ọ́. Irú rẹ̀, ẹ má gbé e wọ ọgbà yín rárá. Ní ti iye ojú, mẹ́ta sí márùn-ún ni mo sọ torí pé èyí ló ń tètè tanná, ní bí ọdún kejì tàbí ìkẹta. Ojú kan ṣoṣo tó ní gbòǹgbò lára á hù o. Mo ti gbìn ín rí, ọdún kẹrin ló tó ṣe òdòdó tí mo lè pe èèyàn wá wò. Ẹni tó ní sùúrù tó sì fẹ́ kó pọ̀ lè gé e bẹ́ẹ̀.

Gbígbìn rẹ̀ kò ní wàhálà, àfi ibi kan tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: jíjìn. Ojú kò gbọdọ̀ wọlẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, 3 ni èmi fẹ́ràn. Ẹ ó gbìn ín tán, ilẹ̀ á sì rì, èyí tí ẹ wọ̀n sí 4 á di 7. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ihò mọ́lẹ̀ gidi, ẹ bomi rin ín, kí ẹ tó gbé e lé e. Píónì tó jìn jù á máa yọ ewé tó dára lọ́dọọdún, kò sì ní tanná, èèyàn á wá máa da ajílẹ̀ sí i láìmọ̀ pé ilẹ̀ orí rẹ̀ ló pọ̀. Ibi tí oòrùn ń dé dáadáa tí omi kì í dúró sí ni kí ẹ wá fún un, kì í sì í ṣe ojú ibi tí píónì mìíràn ti kúrò. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ewéko mìíràn tó mítà kan. Bó bá yọ ìrudi lọ́dún kìíní, ẹ já a dànù; ó ń dunni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kún àká rẹ̀.

Ẹ lè máa rò ó pé ṣé kò ní sàn kí ẹ fi èso gbìn ín. Èso máa ń hù, ó kàn ń fẹ́ ìgbà ooru kan kó tó ta gbòǹgbò, kó tún rí ìgbà òtútù kó tó yọ ewé, òdòdó rẹ̀ sì lè gba ọdún mẹ́rin, márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀. Èyí tó wá burú jù fún yín ni pé kò ní jọ ti Màmá, torí ọmọ kì í jọ ìyá délẹ̀délẹ̀ nínú píónì tí wọ́n ti mú lára ọ̀pọ̀ ìran jọ. Bí ẹ bá sì bá irú tí wọ́n ń pè ní Itoh pàdé lọ́jọ́ kan, ìyẹn àwọn tí Toichi Itoh ará Japan bẹ̀rẹ̀ sí í mú jáde ní 1948 láàárín píónì onígi àti èyí tí kì í ṣe onígi (ó kú ní 1956, kò rí òdòdó wọn), ẹ mọ̀ pé ọrùn tiwọn le débi pé ayùn la fi ń là á. Ọ̀bẹ kò ní ràn án.

Mọ́kànlá yín wá kù. Gbòǹgbò mẹ́ta ni ẹ fà jáde, èyí túmọ̀ sí pé mẹ́ta péré nínú àwọn tí ẹ gé ló wà lápá òkè, níbi tó ti já kúrò lára ọrùn. Àwọn yẹn nìkan ni mo lè ní kí ẹ dúró dè. Nígbà ìwọ́wé tó ń bọ̀, ẹ hú gbogbo wọn, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ wo orí ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Èyí tí ẹ bá rí nǹkan lórí rẹ̀ tó le bí igi, tó rí gbágungbàgun, tí kò dán bí ibi tí ọ̀bẹ gé, ẹ tún un rì, kí orí rẹ̀ kọjú sókè, kó sì wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3, kí ẹ sì fún un ní ìgbà ìrúwé méjì. Tó bá kọjá ìyẹn, ẹ jẹ́ kó lọ. Àwọn tó kù, ẹ dà wọ́n sí ààtàn, bí wọ́n tilẹ̀ ń dán. Bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ Màmá kí ewé tó gbẹ tán, ẹ mú èèkàn kékeré kan dání, kí ẹ gún un sí ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀pá ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti wọ́ sílẹ̀, ẹ ó kàn máa fi ọwọ́ tálẹ̀ kiri ni.